Ṣé owó tó ń jáde l'Óṣogbo kéré sí t'Èkó lóòótọ́? Ìdáhùn fún Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni mò ń gbé pẹ̀lú ìyàwó mi àtàwọn ìbejì wa tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, Ìkẹjà ni ọ́fíìsì wa wà. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní bráǹṣì wa tó wà l'Óṣogbo, àmọ́ sálárì mi máa wálẹ̀ láti 250,000 sí 205,000 torí wọ́n ní nǹkan ò wọ́n lọ́hùn-ún. Rẹ́ǹtì tí mò ń san báyìí jẹ́ 700,000 lọ́dún, ọkọ̀ ń jẹ tó 3,000 lójúmọ́, ìyàwó mi sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ, ó ń rí bí 60,000 èrè lóṣù. Mo rí i kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ìnáwó ìlú kékeré kò tó ìdajì t'Èkó, ẹlòmíì tún ní ọ̀wọ́ngógó ti pọ̀ jù l'Ọ́ṣun. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ṣé kí n kó wọn bọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ta jẹnẹrétọ̀ wa kí n tó máa bọ̀?

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ, Elédùmarè á dá wọn sí. Inú mi dùn pé ẹ kọ iye owó sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bi mí nírú ìbéèrè yìí, "ṣé nǹkan pọ́ọ́kú l'Óṣogbo?" nìkan ni wọ́n á kọ, kò sì sí bí èèyàn ṣe máa dá wọn lóhùn tí ò ní jẹ́ pé ó kàn ń méfò. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ìlú Òròkí níbí ni mo fi ṣe ibùgbé, àwọn tó ń kó bọ̀ láti Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá sì máa ń wá ká jọ yẹ ìnáwó ilé wọn wò kí wọ́n tó palẹ̀ ẹrù mọ́. Ohun tí mo ń rí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì: owó tí Òṣogbo bá máa bá èèyàn dín kù, ilé àti ọkọ̀ ló ti máa bá a dín in, kì í ṣe inú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ torí pé oúnjẹ máa pọ́ọ́kú, ojú ẹ̀ máa là lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ mú báàgì wọ ọjà Ìgbọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò ńlẹ̀. Àwọn tó ń fi ìlú wé ìlú, bíi Numbeo, owó New York ni wọ́n fi ṣe 100, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń díwọ̀n ìlú yòókù. Iye tí wọ́n ń lò, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ló ń kọ púpọ̀ nínú ẹ̀ fúnra wọn, torí náà ìlú tí èrò pọ̀ bí Èkó, iye ibẹ̀ á ní ìtumọ̀ díẹ̀, ìlú bíi tiwa tó jẹ́ pé èèyàn kéréje ló ń kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ má gbára lé e rárá. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ń kà: kọfí ilé oúnjẹ, owó jímù, tíkẹ́ẹ̀tì sinimá, wáìnì. Èlùbọ́ ò sí níbẹ̀, ẹja tútù ò sí níbẹ̀, owó tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ìyá yín lóṣooṣù ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn nǹkan yìí ló ń jẹ sálárì yín.

Ẹni tó ní ọ̀wọ́ngógó pọ̀ l'Ọ́ṣun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé NBS, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka iye nǹkan, ló kà, àmọ́ àìmọye èèyàn ló ń ṣi ìwé yẹn kà. Bí owó ọjà ṣe sáré gòkè tó láàárín ọdún kan ni ìwé yẹn ń sọ, kò sọ iye tí ọjà ń jẹ́. Ẹ wò ó báyìí, ká ní gàrí jẹ́ 1,000 níbì kan lésìí, ó wá di 1,500, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi gòkè. Ká ní níbòmíì ó jẹ́ 2,000 lésìí, ó di 2,400, ìdá 20 péré ló fi gòkè. Ìwé máa sọ pé ọ̀wọ́ngógó ibi àkọ́kọ́ ló burú jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí gàrí rà lówó tó kéré. Nǹkan míì tún wà níbẹ̀ o, látorí ìṣirò oṣù kìíní 2025 ni NBS ti yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà, wọ́n sọ 2024 di ọdún ìpìlẹ̀ dípò 2009, oúnjẹ tó ń kó 51.8 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó tẹ́lẹ̀ wá di 40, torí náà ẹni tó bá mú iye àtijọ́ fi wé iye tuntun láti sọ pé ìlú kan ti dẹ̀rọ̀, ẹ má bá a pín in kiri.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí ni òṣùwọ̀n, torí ibẹ̀ ni ìyàwó yín ti máa mọ̀ bóyá nǹkan pọ́ọ́kú tàbí kò pọ́ọ́kú. Kóńgò là ń lò l'Óṣogbo. Ní Ìkòròdú ẹ ní kóńgò, àmọ́ dẹ̀ríkà àti pẹ́ńtì náà wà, t'Àbújá sì ni módù. Tẹ́nì kan bá wá bá yín lórí fóònù pé ẹ̀wà ti di iye báyìí l'Óṣogbo, tẹ́lòmíì sọ iye t'Èkó, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kóńgò kan náà gan-an kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìyá kan wà tó jẹ́ pé tó bá ń wọn ìrẹsì, á bù ú kún, á tún fi ọwọ́ méjèèjì kó o jọ sórí títí táá fi ṣe ṣóńṣó, táá máa já bọ́ padà sínú àwo, tẹ́ ẹ bá wá tọrọ èènì, á tún ju ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé bó ṣe bù ú tán ló máa fi ọwọ́ gé orí ẹ̀ kó tẹ́jú. Àwọn kan tún ti lu ìdí kóńgò wọnú, lójú ẹ máa rò pé ó kún, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ ẹ máa rí i pé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti yọ gọngọ sókè bí ìdí ìgò, ìrẹsì tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò sí. Bí mo ṣe ń sọ fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni mo ṣe ń sọ fún yín: ẹ ní kí ìyàwó yín ra kóńgò kan ẹ̀wà àti kóńgò kan gàrí ní Ìkòròdú, kó gbé e lé ìwọ̀n ẹni tó ń ta ẹja yìnyín, kó kọ kílò ẹ̀ sílẹ̀, kó pín owó tó fi rà á sí kílò yẹn. Tẹ́ ẹ bá wá yẹ ibí wò, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ l'Ọ́jà Ọba tàbí n'Ígbọ́nà. Kílò sí kílò lẹ máa fi wé ara wọn, torí bí NBS náà ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ohun tẹ́ ẹ máa rí rèé. Nǹkan tó ń hù nítòsí wa, ó dínwó lóòótọ́: gàrí, láfún, àgbàdo tútù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ọsàn, epo pupa, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní sùúrù láti lọ sí ọjà ọlọ́rọọrún láwọn ìlú tó yí wa ká, tàbí kẹ́ ẹ dé Owódé lójú ọ̀nà Ẹdẹ, kẹ́ ẹ má dúró de èyí tí wọ́n ti tún tà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé àdúgbò. Àmọ́ ẹ̀wà, àlùbọ́sà, tòmátì, tàtàṣé, òkè ọya ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú ẹ̀ wá fún àwa àti Èkó, ọkọ̀ tó sì ń lọ sí Mile 12 pọ̀ gan-an ju èyí tó ń já ẹrù s'Óṣogbo lọ. Lọ́jọ́ tí tòmátì bá ya wọ Mile 12, tí wọ́n ń bẹ̀rù kó má jẹrà mọ́ àwọn lọ́wọ́, Èkó lè jẹ ẹ́ lówó tó kéré sí tiwa. Ẹja yìnyín, mílíìkì, indómì, ọṣẹ, pámpá àwọn ọmọ, Èkó ni gbogbo ẹ̀ ti ń bọ̀, owó ọkọ̀ sì ti gun orí ẹ̀ kó tó dé Ọláìyá. Nígbà tí NBS ṣírò iye tí àgbàlagbà kan máa ná lójúmọ́ kó tó lè jẹ oúnjẹ tó pé ara ní àárín 2024, ilẹ̀ Yorùbá níbí ló wọ́n jù nínú gbogbo ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Nàìjíríà, kì í sì í ṣe Èkó nìkan ni wọ́n ń sọ. Torí náà tí mo bá ń ṣírò fún ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó, oódo ni mo máa ń kọ síwájú oúnjẹ, mi ò ní yọ, mi ò ní fi kún un. Tó bá dín, èrè ni.

Ilé wá ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òfin ilé gbígbà t'Èkó ti ọdún 2011 sọ pé láńlọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ gba ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ, ọdún méjì ni wọ́n ń bi àwọn míì. Òfin yẹn ò sì dé Òṣogbo, ìpínlẹ̀ Èkó nìkan ló kàn. Ohun tó máa gbà yín sílẹ̀ níbí ni pé iye tí wọ́n máa pè kéré látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ má fi rẹ́ǹtì nìkan wé rẹ́ǹtì. Ẹ béèrè gbogbo ẹ̀ pọ̀: rẹ́ǹtì, kọmíṣàn éjẹ́ǹtì, owó àgírímẹ́ǹtì, owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n ní wọ́n máa dá padà, owó mítà tí ẹni tó kó jáde bá jẹ gbèsè sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa san àwọn owó ẹ̀gbẹ́ yẹn, àmọ́ ọdún àkọ́kọ́ ló máa jẹ gbogbo ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kó wá gbé fún ọdún kan péré tó tún kó padà, kì í rí èrè kankan.

Àdúgbò náà ṣe pàtàkì. Dada Estate, Ring Road, GRA, àwọn ibi tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ipò ń gbé, owó ibẹ̀ ti ń ga. Òkè-Baálẹ̀ tí yunifásítì ìpínlẹ̀ wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbé owó yàrá kan àti sẹ́fù-kọ́ń gùn, láńlọ́ọ̀dù tó bá rí ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta tó máa dáwó jọ ò ní fẹ́ gbọ́ àlàyé ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ọ̀tà-Ẹ̀fun, Kélébè, ọ̀nà Ìlobùú, ẹ ṣì lè rí fúláàtì oníyàrá méjì tó ní àyè táwọn ọmọ máa fi sáré. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ bi láńlọ́ọ̀dù léèrè bóyá kànga máa ń gbẹ lọ́yẹ́ àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ ẹ tún bi ará ilé tó ti pẹ́ níbẹ̀, torí ilé tí kànga ẹ̀ bá gbẹ ní oṣù kejì, omi rírà máa jẹ díẹ̀ nínú owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti fi pa mọ́.

Ìnáwó ọkọ̀, ẹ̀yin gan-an mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ìkòròdú sí Ìkẹjà, kẹ̀kẹ́ láti ilé, bọ́ọ̀sì dé Kẹ́tu tàbí Ọjọ́ta, òmíràn lẹ́yìn ìyẹn, ní àlọ àti àbọ̀. Òṣogbo ò tóbi tó láti jẹ yín báyẹn, kọ́rọ́pẹ́ kan tàbí méjì ló pọ̀ jù tẹ́ ẹ bá yan ilé yín dáadáa. Mo ní tẹ́ ẹ bá yan ilé yín dáadáa o, torí tí bráǹṣì yín bá wà lápá Abéré nítòsí ọ́fíìsì ìjọba, tẹ́ ẹ wá lọ gbalé sí Òkè-Baálẹ̀ torí ó wù yín, ẹ ti tún sọ ara yín di èrò Èkó. Ẹ má tún rò pé epo bẹntiróò pọ́ọ́kú níbí. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti sọ pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, ibi tí wọ́n ti ń gbé epo jáde àti bó ṣe jìnnà sí yín ló ń sọ iye tẹ́ ẹ máa rà á, ní oṣù kejì 2025 tí Dangote dín owó ẹ̀ kù, 860 ni wọ́n ní káwọn iléepo MRS tó ń bá wọn tà á máa tà á l'Ékòó, 870 ní ìyókù ilẹ̀ Yorùbá. Kọ́rọ́pẹ́ àti ọ̀kadà kò lè dín owó nígbà tí epo ò dín, ọ̀nà tó kúrú nìkan ló ń gbà wá.

Ẹ ò kọ wákàtí tẹ́ ẹ ń lò lójú ọ̀nà sínú lẹ́tà yín, ó sì yẹ kẹ́ ẹ kọ ọ́. Bàbá tó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, owó tó ń san fún Èkó ju èyí tó wà nínú àpò ẹ̀ lọ. Mi ò lè fi náírà kan sí i fún yín, ṣùgbọ́n mo ti rí bàbá tó jẹ́ pé ọdún tó dé ibí ló tó mọ orúkọ tíṣà ọmọ ẹ̀. Fún èmi o, nǹkan tó wúwo jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Àwọn nǹkan míì wà tí ìlú ò yí padà rárá. Dátà àti owó ìpè, nígbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé káwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, gbogbo Nàìjíríà ló bá a lọ. Fóònù, fíríìjì, táyà ọkọ̀, oògùn tó ń ti òkè òkun bọ̀, dọ́là ló ń darí wọn. Ilé-ìwé aládàáni níbí máa dín sí ti Ìkòròdú lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n máa gba owó ìfiorúkọsílẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù tuntun àti ìwé tuntun, méjì-méjì sì ni tiyín. Ti ìtọ́jú, ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Asùbíaró, ilé ìwòsàn ńlá ti UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀, náà wà nínú ìlú, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa bẹ̀rù ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi iye tiyín ṣe é wàyí, iye t'Óṣogbo tí mo bá lò, àpẹẹrẹ ni, ẹ máa fi èyí tẹ́ ẹ bá rí gan-an rọ́pò ẹ̀. Rẹ́ǹtì yín 700,000 lọ́dún, ó jẹ́ bíi 58,000 lóṣù. Ká ní ẹ rí ilé tó jẹ́ 350,000 níbí, bíi 29,000 lóṣù nìyẹn, ẹ ti rí 29,000 mú kúrò. Ọkọ̀, 3,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ 22, 66,000 nìyẹn. Ká ní 1,000 lójúmọ́ níbí, 22,000, ẹ ti rí 44,000. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 73,000. Sálárì tí wọ́n máa yọ jẹ́ 45,000. Ó ku 28,000 lóṣù tó jẹ́ èrè yín. Ó dáa, kò burú, àmọ́ ẹ má tíì jó.

Torí mi ò tíì kan ìyàwó yín. Ọ̀pọ̀ ọkọ tó ń kọ̀wé sí mi kì í tiẹ̀ dárúkọ owó tó ń wọlé fún ìyàwó wọn, mo yìn yín pé ẹ kọ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó ń mú 60,000 wá ní Ìkòròdú, ohun tó ń gbé e ró ni àwọn oníbàárà tó ti mọ̀ ọ́n, èrò tó ń kọjá níwájú ẹ̀, àti bó ṣe súnmọ́ Ìdúmọ̀tà àti Òyìngbò tó ti ń rajà. Tó bá dé ibí, ọjà kan náà ló máa tà, àmọ́ òun náà á máa san owó ọkọ̀ lórí ẹ̀, oníbàárà á kéré níbẹ̀rẹ̀, àwìn á sì pọ̀, torí sálárì ìjọba ló ń mí sí ọjà Òṣogbo. Àwọn tó ń ṣòwò níbí láàárín 2015 sí 2018 tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba owó oṣù tí ò pé, tí gbogbo èèyàn ń pè é ní hááfù sálárì, wọn ò jẹ́ gbàgbé ẹ̀, iye ìwé gbèsè tó kún ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn, àwọn kan ò rí i gbà títí dòní. Ká ní èrè ìyàwó yín bọ́ sí 30,000 nìkan lọ́dún àkọ́kọ́, 28,000 tẹ́ ẹ rí lẹ́ẹ̀kan ti lọ, ẹ tún ti jẹ gbèsè 2,000. Ẹ wá fi owó tírọ́ọ̀kì tó máa kó ẹrù, owó éjẹ́ǹtì, owó ìwé àwọn ìbejì, àti owó tẹ́ ẹ máa fi máa sáré lọ s'Ékòó fún ìsìnkú àti ìgbéyàwó lé e, ó ju igba kìlómítà lọ, ẹ sì mọ̀ pé ẹbí ò ní torí pé ẹ ti kó kúrò kí wọ́n má pè yín. Ọdún àkọ́kọ́ máa wọnú gbèsè díẹ̀. Láti ọdún kejì ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó.

Torí náà, ìdáhùn mi ni pé kẹ́ ẹ bọ̀, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jà fún sálárì yẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìṣirò hàn yín. 45,000 nínú 250,000, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fẹ́ yọ. Ẹ wá wo ohun tí ìjọba ṣe nígbà tí owó oṣù tó kéré jù di 70,000 ní oṣù keje 2024: Èkó ní àwọn máa san 85,000, Ọ̀ṣun ní 75,000. Ìyàtọ̀ 10,000 nìyẹn, kò pé ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ilé-iṣẹ́ yín bá lo ìdá 12 yẹn, 220,000 ló yẹ kẹ́ ẹ máa gbà, kì í ṣe 205,000. 15,000 lóṣooṣù ni ìyàtọ̀ yẹn, ó sì jẹ́ ìdajì ohun tí ìyàwó yín lè pàdánù. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín lówó ìkẹ́rù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ fi gba ilé àti tírọ́ọ̀kì. Ẹ gba èsì wọn lórí ìwé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí lẹ́tà.

Kẹ́ ẹ tó kó gbogbo ilé bọ̀, ẹ wo ọjọ́ tí rẹ́ǹtì Ìkòròdú máa parí. Tó bá ku oṣù mẹ́fà, ẹ gba yàrá kan níbí nítòsí ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ dá wá, kí ìyàwó yín máa tà lọ, kí àwọn ọmọ parí sáà wọn. Kó tó di pé ẹ kó wọn bọ̀, kó wá síbí, kó jókòó ní Ìgbọ́nà, kó wo ọjà Akíndẹ̀kọ, kó wo ohun tí kò sí tàbí tí kò pọ̀, bóyá mílíìkì àti ṣúgà kọ́ ló máa tà mọ́. Mo mọ àwọn obìnrin tó yí padà sí gàrí àti epo pupa láti ibí lọ s'Ékòó, tó jẹ́ pé àwọn oníbàárà wọn àtijọ́ n'Ìkòròdú gan-an ló ń rà á lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ni pé ohun tó dínwó níbí ló ń tà níbi tó ti wọ́n, mo sì rò pé ìyàwó yín lè ṣe é dáadáa torí ó ti ní orúkọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ jókòó sí Ìbàdàn kẹ́ ẹ máa wá s'Óṣogbo lójoojúmọ́, ẹ má dá a lóhùn. Owó ilé Ìbàdàn ti ń gùn látìgbà tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó náà ti ń gbalé níbẹ̀, owó ọkọ̀ yín sì máa padà sí iye tí ẹ ń sá fún.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ló kù. Ẹ má tíì tà á. Àwọn èèyàn máa sọ fún yín pé Òṣogbo ni ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn ò ní kí iná ilé yín má lọ. Ohun tó máa pinnu ẹ̀ ni báńdì tí ilé-iṣẹ́ mànàmáná tó ń bójú tó wa, IBEDC, fi àdúgbò yẹn sí. Báńdì A ló yẹ kó ní iná ogún wákàtí lójúmọ́, Báńdì B mẹ́rìndínlógún, C méjìlá, D mẹ́jọ, E mẹ́rin, owó A ló sì wọ́n jù, láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n gbé e láti 68 sí 225 náírà lórí yúnìtì kan ni, wọ́n kàn dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà. Tẹ́ ẹ bá gbalé sí Báńdì A, ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ nílò jẹnẹrétọ̀ àmọ́ mítà máa jẹ owó, kẹ́ ẹ máa pa fíríìjì lóru. Tó bá jẹ́ D, owó mítà máa kéré, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ yẹn máa ṣiṣẹ́ gan-an, ìyàwó yín tó bá fẹ́ ta omi tútù sì máa nílò ẹ̀. Ẹ wo ìwé owó iná tàbí rìsíìtì mítà tí ẹni tó wà nínú ilé náà rà kẹ́yìn, báńdì máa wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá pinnu bóyá ẹ máa tà á.